Ẹyin tí kò pa: ibi tó ti ń bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe lè to ẹyin sábẹ́ adìẹ tàbí sínú àpótí

Ẹyin méjìlá wọ abẹ́ adìẹ, òròmọdìẹ mẹ́rin ló jáde. Wọ́n á ní adìẹ yẹn kò mọ ẹyin í sàba lé, tàbí pé àrá ló sán. Ẹ̀bi adìẹ kì í sábà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Adìẹ ìbílẹ̀ tó jókòó dáadáa mọ iṣẹ́ yìí ju ẹ̀rọ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyin náà ti bàjẹ́ kó tó dé abẹ́ rẹ̀, nínú agbọ̀n tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń kó o jọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹyin tó dé ìtẹ́

Tí àkùkọ bá ti gun adìẹ, ẹyin tó bá yé kì í ṣe òfìfo. Ó ti lo nǹkan bíi wákàtí 24 sí 26 nínú ara adìẹ, níbi tó gbóná tó 41 °C, ọlẹ̀ inú rẹ̀ sì ti ń dàgbà kó tó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ọlẹ̀ náà á dúró bí ẹni tó sùn. Òun ló fà á tí adìẹ fi lè yé ẹyin kan lónìí, kó yé òmíràn lọ́la, fún bí ọjọ́ méjìlá, síbẹ̀ tí gbogbo wọn á pa láàárín ọjọ́ kan. Ọjọ́ tó jókòó lé wọn ni gbogbo wọn jí pọ̀.

Àmọ́ kí ọlẹ̀ tó lè sùn dáadáa, ibi tí ẹyin wà gbọ́dọ̀ tutù tó nǹkan bíi 20 °C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá wa lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tó 30 °C, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru yẹn ti pọ̀ ju kí ọlẹ̀ sùn lọ, kò sì tó kó fi dàgbà. Á jí díẹ̀ lọ́sàn-án, á tún fẹ́ sùn lóru, á tún jí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe títí tí yóò fi kú. Ẹ kò ní rí i lára èèpo. Ẹyin náà á wà bí ẹyin, ẹ ó sì gbé e fún adìẹ pẹ̀lú ìrètí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó ẹyin jọ ju ọjọ́ méje lọ. Ní àkókò tí ooru bá mú gan-an, ẹ má ṣe jẹ́ kó ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹ máa mú un kúrò nínú ìtẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ẹyin kan tí ẹ ti sàmì sí sílẹ̀ kí adìẹ má bàa sá kúrò níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́ sí i lára, nítorí pé oje báírò àti ti máákà lè wọ inú èèpo. Ẹ gbé ẹyin náà kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó ṣóńṣó wà nísàlẹ̀, kí ìdí tó fẹ̀ wà lókè, torí inú ìdí náà ni àyè afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà. Kéréètì ẹyin dára fún èyí. Bí ẹ bá máa tọ́jú rẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ẹ ki nǹkan bọ abẹ́ kéréètì náà ní apá kan lónìí, kí ẹ gbé e sí apá kejì lọ́la, kí pupa ẹyin má bàa lẹ̀ mọ́ èèpo.

Ibo lẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí? Ìyẹn kò gba owó púpọ̀. Ìkòkò amọ̀ méjì, kí ọ̀kan wọ inú èkejì, kí iyanrìn wà láàárín wọn, kí ẹ máa bu omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ fi aṣọ ọ̀rinrin bo ẹnu rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ló ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ló sọ irú ìkòkò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ fún títọ́jú ẹ̀fọ́ àti èso. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ní oṣù keje ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, ìtutù rẹ̀ kì í pọ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá tí oòrùn kì í dé ló dára jù, kí ẹ sì dín ọjọ́ ìkójọ kù. Fíríìjì kì í ṣe ibi tó yẹ: ó tutù jù, ó sì ń fa omi inú ẹyin.

Ẹ má fọ ẹyin. Adìẹ fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo èèpo rẹ̀ nígbà tó yé e, ìyẹn ló ń dí àwọn ihò kéékèèké mọ́ kòkòrò àìfojúrí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn nìyẹn. Èyí tí ìgbẹ́ bá yí lára púpọ̀, ẹ dín in jẹ. Èyí tó sán, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má tò ó: ẹ gbá ẹyin méjì mọ́ra wọ́n jẹ́jẹ́, èyí tó sán á dún bí igbá tó là.

Ẹyin tí wọ́n ń tà ní kéréètì lọ́jà ńkọ́? Kò lè pa. Inú àgò onírin ni àwọn adìẹ tó yé e ń gbé, àkùkọ kan kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ní ilé yín, àkùkọ kan tó fún adìẹ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: adìẹ ń tọ́jú àtọ̀ àkùkọ sínú ara rẹ̀, nítorí náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa àkùkọ, ẹyin tó bá yé fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣì lè pa. Fún ìdí kan náà, bí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ nítorí pé ẹ fẹ́ irú ọmọ mìíràn, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó to ẹyin.

Adìẹ àti ìtẹ́ rẹ̀

Adìẹ tó fẹ́ sàba kì í fi ara pamọ́. Ó ń sùn sínú ìtẹ́ lóru dípò kó lọ bá àwọn yòókù, ó ń wú ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ yí padà, ìyẹ́ àyà rẹ̀ sì ti re, kí awọ ara rẹ̀ tó gbóná lè kan ẹyin. Kí ẹ tó fún un ní ẹyin gidi, ẹ fi ẹyin méjì tí kò wúlò sábẹ́ rẹ̀ fún òru méjì. Bó bá dìde lọ́jọ́ kejì tó bá àwọn yòókù lọ, kò tíì ṣe tán.

Ìtẹ́ náà lè jẹ́ agbọ̀n, páálí tàbí àfọ́kù ìkòkò, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35. Ẹ bu erùpẹ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín kó rí bí abọ́ tí kò jìn. Àwọn kan ń fi pákó títẹ́jú ṣe ìdí ìtẹ́, ẹyin á sì máa yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó wà létí á tutù. Lórí erùpẹ̀ náà, ẹ kó koríko gbígbẹ sí i. Ẹ bu eérú tútù díẹ̀ sí abẹ́ koríko, kí ẹ fi ewé dongoyárò gbígbẹ kún un nítorí iná ara adìẹ. Adìẹ tí iná bá ń jẹ kò ní jókòó, ìbáà mọ iṣẹ́ bó ṣe wù kó mọ̀ ọ́n. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, tí òjò kò lè ta sí, tí ewúrẹ́ kò lè dé. Bí ìjàlọ bá wà ní agbègbè yín, ẹ gbé ìtẹ́ náà sórí àpótí, kí ẹ ki ẹsẹ̀ àpótí bọ inú agolo omi tí ẹ ta epo kẹrosíìnì díẹ̀ sí. Ìjàlọ lè pa ìyá adìẹ lórí ẹyin lóru ọjọ́ kan, nítorí pé kò ní fẹ́ dìde.

Adìẹ ìbílẹ̀ tó wọn bíi kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ lè bo ẹyin mẹ́wàá sí méjìlá. Nígbà ọyẹ́, ẹ dín in kù sí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá rí ẹyin kan tó yọ etí síta, ó ti pọ̀ jù, kì í sì í ṣe ẹyin yẹn nìkan ló máa bàjẹ́: adìẹ ń yí ẹyin kiri ní gbogbo ọjọ́, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò gba òtútù yẹn kárí. Alẹ́ ni kí ẹ tò ó, kí ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àgò bò ó tàbí kí ẹ ya ibẹ̀ sọ́tọ̀, kí adìẹ mìíràn má bàa wá yé tuntun mọ́ àwọn tó ti ń dàgbà.

Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà odindi, àti omi tó mọ́, kí ẹ gbé e sí ibi tó ti máa dìde kó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló sábà máa ń dìde, fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, á jẹun, á mumi, á gbá ara rẹ̀ ní erùpẹ̀, á yàgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn gan-an. Kì í ṣe àìsàn. Ó máa ń fọn díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ẹ fi ọwọ́ kan egungun àyà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bó bá ti mú bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ, ẹ máa gbé oúnjẹ sún mọ́ ọn.

Ẹtù, pẹ́pẹ́yẹ àti ìṣirò ọjọ́

Adìẹ ń lo ọjọ́ 21. Ẹtù ń lo 26 sí 28, tòlótòló 28. Pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ nílé wa, èyí tí ojú rẹ̀ pupa tó ní kókó lára, ń lo nǹkan bíi 35. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn ti wá. Adìẹ ti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà wá, níbi tí baba ńlá rẹ̀ ṣì wà nínú igbó. Ẹtù ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà nínú wọn, síbẹ̀ òun ni kì í jókòó dáadáa bí ẹ bá sìn ín nínú ọgbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ẹtù fi ń gbé ẹyin rẹ̀ fún adìẹ. Adìẹ kan lè bo ẹyin ẹtù méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí pé ó kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ to ẹyin ẹtù àti ti adìẹ pọ̀, ẹ kọ́kọ́ to ti ẹtù, kí ẹ wá fi ti adìẹ kún un lọ́jọ́ keje, kí wọ́n lè pa pọ̀. Bí ẹ bá tò wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ní ọjọ́ 21 ìyá á gbọ́ igbe òròmọdìẹ, á kó wọn jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin ẹtù á sì tutù pẹ̀lú ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú.

Yíyẹ ẹyin wò

Lálẹ́ ọjọ́ keje, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ ká páálí yí ojú tọ́ọ̀ṣì kí ihò tó kù má fẹ̀ ju owó ẹyọ kan lọ, kí ẹ gbé ìdí ẹyin tó fẹ̀ lé e. Ẹyin tó yè á fi òwú pupa hàn yín, tó tàn káàkiri bí òwú aláǹtakùn láti ara kókó dúdú kan. Bí ẹ bá dúró díẹ̀, ẹ lè rí kókó náà tó mì. Ojú ọmọ ni dúdú yẹn. Èyí tó mọ́lẹ̀ kedere láìsí nǹkan kan kò ní ọlẹ̀, tàbí kó ti kú tipẹ́. Èyí tó ní òrùka pupa láìsí òwú ti kú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Ẹ mú àwọn wọ̀nyí kúrò. Ẹyin òbu ń kó afẹ́fẹ́ jọ, bó bá bẹ́ sábẹ́ adìẹ, omi rẹ̀ á kó kòkòrò bá gbogbo èyí tó kù.

Ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ 14. Nígbà yìí, gbogbo inú ẹyin ti ṣókùnkùn, àyè afẹ́fẹ́ nìkan ló mọ́lẹ̀, ó sì ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 18, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Bí kò bá sí adìẹ

Àwọn ará Íjíbítì ti ń pa ẹyin láìsí adìẹ láti ìgbà tó ti pẹ́ gan-an. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Jésù, sọ pé wọ́n ń ri ẹyin mọ́ inú ìgbẹ́ ẹran níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé ńlá fún un: ọ̀nà tóóró ní àárín, yàrá kéékèèké lọ́tùn-ún àti lósì, ẹyin nísàlẹ̀, iná ìgbẹ́ gbígbẹ àti koríko lókè. Wọn kò ní tẹmómítà. Ìpéǹpéjú ni wọ́n ń gbé ẹyin lé, nítorí pé awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń mọ ìyàtọ̀ ooru. René de Réaumur, ará Faransé tí òṣùwọ̀n tẹmómítà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kọ̀wé nípa ilé wọ̀nyí ní ọdún 1749. Ohun kan tí wọ́n mọ̀ ṣì wúlò fún wa: láti nǹkan bí àárín ọjọ́ 21 náà, ọmọ inú ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru tirẹ̀ wá, nítorí náà wọ́n ń dín iná kù. Ẹni tó bá fi iná rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní á se ẹyin rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Fún ẹyin 40 sí 50, ẹ fi pákó kan àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 45, tó ga ní 45. Ẹ lu ihò mẹ́rin nísàlẹ̀ àti mẹ́rin lókè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtàńpàkò. Ẹ fi gílàásì sí ojú ilẹ̀kùn kí ẹ lè máa wo inú láìṣí i. Gílóòbù méjì tó jẹ́ 40 wáàtì ni kí ẹ fi sí i, irú àtijọ́ tó ń gbóná. Gílóòbù tuntun tí kì í jẹ iná kò lè ṣe é, ooru rẹ̀ kéré jù. Ẹ ra nǹkan tó ń pa iná tó sì ń tàn án fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pé. Ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ ti ṣẹ́ owó kù.

Bí fáànù kékeré bá wà nínú rẹ̀, 37.5 °C ni ẹ fẹ́. Bí kò bá sí fáànù, ẹ gbé tẹmómítà sí ibi tí orí ẹyin ga dé, kó máa ka 38.5 sí 39 °C, nítorí pé ooru ń lọ sókè, ìsàlẹ̀ ẹyin tutù ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ dán tẹmómítà yín wò: ẹ ki í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ wọn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n kan péré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹ tan àpótí náà fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó kó ẹyin sí i.

Ẹ kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, kí ẹ kọ O sí èkejì, kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹ má ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé òru ló gùn jù, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló sì máa wà lókè ní gbogbo òru bí iye rẹ̀ bá pín sí méjì. Ọjọ́ 18, ẹ dáwọ́ dúró.

Omi ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì ṣe jù. Wọ́n á ní kí abọ́ jìn. Fífẹ̀ ojú omi ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Nígbà òjò, abọ́ kékeré kan tó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sí i, kí ẹ sì máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kún un. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná á sọ òótọ́ fún yín: ẹyin tó wọn gíráàmù 40 lọ́jọ́ kìíní yẹ kó ti di nǹkan bíi 35 lọ́jọ́ 18. Bó bá ṣì wọn 38, omi pọ̀ jù nínú àpótí. Bó bá ti di 33, ó gbẹ jù. Láti ọjọ́ 18, ẹ fi abọ́ mìíràn kún un kí awọ inú ẹyin má bàa le.

Iná NEPA á lọ, ìyẹn dájú. Bó bá lọ, ẹ má ṣí àpótí. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lápá òkè àti ẹ̀gbẹ́, kí ihò díẹ̀ ṣì mí. Bó bá ju wákàtí méjì lọ, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò méjì, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e sínú. Ọlẹ̀ lè fara da òtútù wákàtí mẹ́ta, kó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó pa. Ooru tó bá ju 40.5 °C lọ fún wákàtí mélòó kan kò ní dá a sí. Nítorí náà, nígbà tí iná bá dé, ẹ dúró tì í.

Ọjọ́ 19 sí 21

Ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu gún àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹyin, ibẹ̀ ló ti mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé e sétí, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa fi kókó líle tó wà lórí ẹnu rẹ̀ lu èèpo. Láti ìgbà tí ihò kékeré bá ti hàn dé ìgbà tó máa jáde lè tó wákàtí 12 sí 24, ọ̀pọ̀ kò sì lè fara da ìdúró yìí. Wọ́n á bó èèpo, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde. Ọmọ náà kò sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ̀ ẹ́: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ inú awọ padà sára, ó sì ń gbé ìyókù pupa ẹyin wọ inú ikùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀. Pupa ẹyin yẹn ló máa jẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá jáde, òun náà ló jẹ́ kí wọ́n lè fi òròmọdìẹ sínú páálí láti Ìbàdàn dé ìlú jíjìn láìfún un ní oúnjẹ. Ẹ má kó wọn jáde títí ara wọn yóò fi gbẹ.

Ẹ fọ́ àwọn tó kù

Lọ́jọ́ 23, ẹ gbé àwọn tí kò pa lọ síta, kí ẹ fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Èyí tó mọ́ kedere ń sọ̀rọ̀ àkùkọ: ó ti darúgbó, adìẹ ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí ẹyin ti pẹ́ jù. Òrùka ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ibi ìtọ́jú tó gbóná, tàbí àpótí tó gbóná jù ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí tó kú láàárín, tí ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lára rẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti ẹyin tí a kò yí tó, tàbí ti ìyá tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára. Ọmọ tó pé tán, tó tutù fún omi, tí kò gún èèpo rárá: ọ̀rinrin ti pọ̀ jù, kò rí àyè mí. Èyí tó gún èèpo, tí awọ wá lẹ̀ mọ́ ọn lára bí gọ́ọ̀mù: ó gbẹ jù, tàbí kí ẹ ti máa ń ṣí ilẹ̀kùn ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá pa ní ọjọ́ 19 tí ìdodo wọn kò dí dáadáa, ooru pọ̀ jù. Bó bá di ọjọ́ 22 tàbí 23, kò tó.

Àwọn tó wà lọ́dọ̀ ìyá kò nílò iná. Àwọn ti inú àpótí nílò 33 sí 35 °C ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ máa dín in kù ní bí ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí ìkòkò èédú lẹ bá ń lò, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè pa òròmọdìẹ àti ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ẹ bi dókítà ẹran nípa oògùn àjẹsára lúkúlúkú tí wọ́n ń kán sójú ní ọ̀sẹ̀ kìíní; Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ní ti oúnjẹ, yàtọ̀ sí ti inú àpò, ikán ṣì wà. Ẹ di ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti pòròpórò àgbàdo sínú àfọ́kù ìkòkò, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ dà á délẹ̀ lójú ọ̀nà ikán ní ìrọ̀lẹ́. Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, ẹ gbé e, kí ẹ gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú wọn.

Èèpo ẹyin tó ti pa náà wúlò. Ẹ yan án lórí iná kó gbẹ, kí ẹ gún un kúnná kí adìẹ má mọ̀ pé ẹyin ni, torí èyí tó bá mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka fọ́ ọ, ẹ ó rí i pé ó rọ̀ ju ti ẹyin tútù lọ. Ọmọ inú rẹ̀ ti fa ẹfun ara èèpo náà, ó ti fi kọ́ egungun rẹ̀.